Bí A Ṣe Ń Fi Kùrukùru Ayé Àtijọ́ Sára Fọ́tò Ojú Láì Sọ Ojú Di Bàìbàì

Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ fọ́tò tí wọ́n fẹ́ kó rí bí ti àtijọ́ jẹ́ ni pé ẹni tó ń tún un ṣe rò pé fọ́tò tó rọ̀ ni fọ́tò tí kò hàn dáadáa. Á mú Gaussian Blur, irinṣẹ́ tó ń sọ àwòrán di bàìbàì, á fi bo gbogbo àwòrán, á wá máa dín Opacity, ìyẹn bó ṣe hàn tó, kù títí tí ojú yóò fi dà bí ojú ẹni tó dúró sẹ́yìn gíláàsì tí èémí ti bò. Ojú yẹn kò rọ̀, ó kàn dàrú ni. Fọ́tò àtijọ́ tó ń wù wá kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ ó rí i pé irun ìpéǹpéjú ṣì ṣeé kà lọ́kọ̀ọ̀kan, etí ètè ṣì dúró, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ kan wà tó tàn yí wọn ká. Ìmọ́lẹ̀ ló ń ṣàn wọ inú òkùnkùn. Òkùnkùn kì í ṣàn wọ inú ìmọ́lẹ̀. Ẹni tó bá di èyí mú kò ní ṣìnà púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí.

Ibi tí rírọ̀ náà ti wá

Lẹ́ǹsì ayé àtijọ́ kì í kó gbogbo ìmọ́lẹ̀ jọ sójú kan. Èyí tó gba àárín lẹ́ǹsì kọjá máa ń pàdé níbi tó yẹ kó ti pàdé. Èyí tó gba etí kọjá á ti pàdé kó tó débẹ̀, á sì ti fọ́n ká nígbà tó bá fi máa kan fíìmù. Àwòrán méjì ló wá tẹ́ léra wọn nínú fọ́tò kan ṣoṣo: ọ̀kan mú ṣáṣá, èkejì fẹ̀, ó sì ń tàn lórí rẹ̀. Bí ayàwòrán bá dín ihò lẹ́ǹsì kù, ìmọ́lẹ̀ etí kò ní ráyè wọlé mọ́, èyí tó ń tàn náà á sì pòórá. Ilé iṣẹ́ Rodenstock ní Jámánì fi ìmọ̀ yìí ṣe lẹ́ǹsì Imagon ní àwọn ọdún 1930. Àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sí lára ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́, àwọn ihò náà ló sì ń pinnu bí ìmọ́lẹ̀ etí tó máa wọlé ṣe máa pọ̀ tó. Tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn, Julia Margaret Cameron, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1864, ti ń ya ojú ènìyàn lọ́nà tó rọ̀, àwọn alárìíwísí ìgbà ayé rẹ̀ sì ń bá a wí pé àwòrán rẹ̀ kò mú. Fọ́tò rẹ̀ wà lára àwọn tí mo máa ń ní kí ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ jókòó tì, kó tó ṣí kọ̀ǹpútà rárá.

Ohun kejì wà nínú fíìmù fúnra rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bá lágbára jù máa ń gba inú ìpele tó ń gba àwòrán kọjá, á lọ kan ẹ̀yìn fíìmù, á sì ta padà wá. Èyí tó ta padà ló ń di òrùka tó pọ́n bí ọsàn yí iná, fèrèsé tàbí etí aṣọ funfun ká. Àwọn tó ń ṣe fíìmù máa ń fi ìpele dúdú kan sẹ́yìn rẹ̀ láti gbé ìmọ́lẹ̀ yẹn mì. Ẹ wo CineStill 800T: fíìmù sinimá ni, wọ́n ti yọ ìpele dúdú náà kúrò lára rẹ̀, ìdí sì nìyí tí òrùka pupa fi ń hàn gbangba nínú fọ́tò tí wọ́n bá fi yà.

Ìkẹta ni pé kí Alexander Smakula ti ilé iṣẹ́ Zeiss tó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìpara lẹ́ǹsì ní 1935, gíláàsì lásán ni lẹ́ǹsì. Ìmọ́lẹ̀ á máa ta láti ara gíláàsì kan sí ìkejì, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì tú sórí gbogbo àwòrán. Ibi tó yẹ kó dúdú kirikiri á wá rí bí eérú tó jinlẹ̀.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó pa ohun tó mú rẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ni gbogbo wọn, tí a fi kún ohun tó ti wà nílẹ̀.

Fọ́tò wo ló gbà á

Fọ́tò tí kò ní ibi tó mọ́lẹ̀ dáadáa kò ní ohun tó máa ṣàn. Èyí tí wọ́n fi fláàṣì orí kámẹ́rà yà lójúkojú, tí gbogbo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bákan náà, ẹ lè ṣe é tì: ohun tí ẹ máa rí gbà ni eérú. Èyí tó dára jù ni fọ́tò tí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ wá, tó fi etí irun tàbí ejìká hàn, tí ohun tó wà lẹ́yìn ẹni náà sì dúdú ju ojú rẹ̀ lọ níbì kan. Aṣọ funfun, àṣíborí, yẹtí, ìkùukùu òwúrọ̀, fèrèsé tó wà nínú fọ́tò, gbogbo wọn wúlò.

Ẹ yà á ní RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe. Ẹ jẹ́ kó ṣókùnkùn díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, bí ìdá kan sí ìdá méjì nínú mẹ́ta stop, ìyẹn òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà, torí ìmọ́lẹ̀ tí a máa fi kún un lẹ́yìn á gbé e sókè. Ibi tó bá ti funfun tán nínú kámẹ́rà kò ní kúlẹ̀kúlẹ̀ mọ́, bí ìmọ́lẹ̀ bá tún ti ibẹ̀ ṣàn jáde, ńṣe ló máa rí bí àbàwọ́n. Ẹyin ojú tó sún mọ́ kámẹ́rà jù ni kí ẹ fi lẹ́ǹsì mú, kó sì mú dáadáa. Fọ́tò tó ti bàìbàì láti inú kámẹ́rà kò yẹ fún iṣẹ́ yìí, bó ti wù kó dà bíi pé ó yẹ tó, torí kò ní àwòrán àkọ́kọ́, èyí tó mú, tí ìmọ́lẹ̀ máa tàn lé lórí.

Bí ẹ bá fẹ́ kí kámẹ́rà ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, fílítà, gíláàsì tí wọ́n ń fi síwájú lẹ́ǹsì, bíi Tiffen Pro-Mist wà. Nọ́ńbà 1/8 fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn, 1/4 tó fún ojú, 1/2 ti pọ̀ fún ọ̀pọ̀ fọ́tò. Bí lẹ́ǹsì bá ṣe gùn sí i ni fílítà kan náà á ṣe máa lágbára sí i, nítorí náà èyí tó dára lórí 35 mm lè pọ̀ jù lórí 135 mm. Àwọn tó ń ya sinimá tún máa ń na ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tó fẹ́lẹ́ sẹ́yìn lẹ́ǹsì: dúdú á jẹ́ kí ibi tó ṣókùnkùn dúró, funfun á gbé e sókè. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú fílítà ni pé ohun tó bá ti ṣe kò ṣeé yọ kúrò mọ́. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ lè yí ọkàn yín padà.

Ìpìlẹ̀ nínú Lightroom

Nínú Lightroom, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, ẹ fi White Balance, tó ń ṣètò àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, síbi tí awọ ara ti rí bó ṣe rí lójú. Àwọ̀ àtijọ́ tí a máa fi sí i kò lè wo àìsàn tó ti wà nílẹ̀ sàn, ńṣe ló máa bo àmì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, Highlights −20 sí −40, Contrast −10, Clarity −10 sí −20. Clarity tó wà nísàlẹ̀ òdo máa ń fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ yí àwọn etí ká, ìyẹn ló jẹ́ kó wúlò, àmọ́ bó bá ti kọjá −30, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ìda. Ẹ má fọwọ́ kan Texture. Bí ẹ bá sì máa fọwọ́ kàn án, ẹ má kọjá −8. Ihò awọ ara ni Texture ń pa rẹ́, fíìmù kì í sì í pa á rẹ́.

Tone Curve, ìlà tó ń pinnu bí ibi dúdú àti ibi funfun ṣe máa mọ́lẹ̀ tó, la máa fi ṣe dúdú tó rí bí eérú. Lórí òṣùwọ̀n 0 sí 255, ẹ gbé ìsàlẹ̀ láti 0 lọ sí 20 tàbí 22, ẹ sì sọ òkè kalẹ̀ láti 255 sí 244. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo fọ́tò á ṣá. Nítorí náà ẹ fi àmì méjì mìíràn síbẹ̀: 64 kó dúró sí 62, 190 kó gun díẹ̀ sí 195. Àmì méjì yìí ló ń dá ìyàtọ̀ láàárín dúdú àti funfun padà sí àárín àwòrán, níbi tí ojú wà, tí ṣíṣá á sì kù sí ìpẹ̀kun méjèèjì nìkan. Ọ̀pọ̀ fọ́tò tí wọ́n pè ní ti àtijọ́, àmọ́ tó kàn rẹ̀ wẹ̀sì, àmì méjì yìí ni kò sí nínú wọn.

Kùrukùru fúnra rẹ̀ ni Dehaze tó wà nísàlẹ̀ òdo. Ẹ má fà á fún gbogbo fọ́tò. Kùrukùru tòótọ́ máa ń nípọn sí i bí ohun kan bá ṣe jìnnà sí wa tó, torí náà ẹ lo Select Subject, ẹ yí i sódì kó jẹ́ ẹ̀yìn ni ẹ yàn, ẹ fún ẹ̀yìn ní Dehaze −15, kí ẹ sì fún ẹni tó wà níwájú ní òdo tàbí −4 péré. Bí ìyàtọ̀ yìí kò bá sí, fọ́tò á rí bí èyí tí ìka kan lẹ́ǹsì rẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn, nínú Photoshop

Ẹ gbé e lọ sí Photoshop ní 16 bit, tí ìpele àwọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju ti 8 bit lọ. Ẹ dúró lórí layer Background (layer ni àwòrán tí a ń tò léra wọn), ẹ lọ sí Channels, ẹ di Ctrl mú, tàbí Cmd lórí Mac, kí ẹ sì tẹ àwòrán kékeré tí wọ́n kọ RGB sí. Photoshop á yan ibi tó mọ́lẹ̀, bí ibì kan bá sì ṣe mọ́lẹ̀ tó ni yíyàn náà ṣe máa lágbára tó níbẹ̀. Ẹ padà sí Layers, ẹ tẹ Ctrl+J. Layer tuntun tó jáde kò ní nǹkan mìíràn nínú ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Ẹ sọ ọ́ di Smart Object kí ẹ lè máa yí iye blur rẹ̀ padà nígbàkigbà, ẹ wá fi blend mode rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń pò mọ́ èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, sí Screen.

Iye Gaussian Blur kò lè jẹ́ nọ́ńbà kan fún gbogbo fọ́tò. Èyí tí mo ń lò ni pé kí a pín ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù sí 200: fọ́tò tó gùn ní píksẹ́lì 6000 á gba 30, ti 4000 á gba 20, ti 2000 á gba 10. Ìyẹn jẹ́ fún fọ́tò tó dé àyà. Bí ojú nìkan bá kún gbogbo fọ́tò, ẹ pín in sí 150. Bí gbogbo ara bá hàn láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ pín in sí 300, torí ojú ti kéré, ìmọ́lẹ̀ tó bá fẹ̀ jù á gbé e mì. Opacity 30% sí 45%.

Ẹ má dúró síbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ti inú lẹ́ǹsì fọ́n jáde máa ń rọra tán lọ jìnnàjìnnà, Gaussian kan ṣoṣo sì máa ń tán lójijì, débi pé ojú tó bá mọ̀ ọ́n wò á rí etí rẹ̀ bí òrùka. Ẹ ṣe ẹ̀dà layer náà, ẹ má lo Layer via Copy fún Smart Object, New Smart Object via Copy ni kí ẹ lò kí méjèèjì má bàa so pọ̀ mọ́ra. Ẹ fún ẹ̀dà yìí ní blur tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ti àkọ́kọ́, 120 sí 150 fún fọ́tò 6000, kí Opacity rẹ̀ má ju 12% sí 18% lọ. Ẹ pa á, ẹ tún tan án. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn, àmọ́ òun ló ń so ẹni tó wà nínú fọ́tò pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ tó yí i ká.

Bí ẹ bá fẹ́ òrùka pupa ti fíìmù, ẹ lo Select, Color Range, Highlights, kí ẹ yan kìkì ibi tó mọ́lẹ̀ jù lọ. Ẹ fi àwọ̀ R 255, G 90, B 40 kún un lórí layer tuntun, ẹ fún un ní blur 8 sí 12, Screen, Opacity 15% sí 20%. Níbi tó ti funfun tán, Screen kò ní yí nǹkan padà, nítorí náà etí nìkan ni pupa máa ti hàn, bó ṣe ń rí nínú fíìmù gan-an. Ẹ fi mask, ìbòjú tó ń pinnu ibi tí layer ti máa hàn, yọ ọ́ kúrò lára awọ. Iwájú orí tó ń dán kò gbọdọ̀ ní òrùka pupa.

Kí ló dé tí a fi ń lo Screen, tí a kò fi í sílẹ̀ ní Normal? Normal máa ń pò dúdú àti funfun pọ̀ láì ṣe ojúsàájú. Irun dúdú tó wà níwájú òfuurufú á wá bẹ̀rẹ̀ sí í da òjìji sórí òfuurufú náà, kò sì sí lẹ́ǹsì kankan láyé tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Screen ń fi ìmọ́lẹ̀ kún un ni, kò lè mú ibì kankan dúdú. Ẹ wo etí irun nínú fọ́tò yòówù tó bá ń rú yín lójú: bí irun bá ń tú sórí ìmọ́lẹ̀, blur lásán ni wọ́n lò.

Michael Orton, ayàwòrán kan ní Kánádà, ti ṣe irú nǹkan yìí láìsí kọ̀ǹpútà ní àwọn ọdún 1980. Ó máa ń to fíìmù slide méjì léra, ọ̀kan mú, ọ̀kan kò mú, ó sì máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù nínú méjèèjì, torí bí slide bá léra, wọ́n ń ṣókùnkùn. Módù soften tó wà nínú ètò kọ̀ǹpútà darktable, orí ọgbọ́n yìí ló dúró lé. Nínú ètò GIMP, Softglow wà lábẹ́ Filters, Artistic. Ìkìlọ̀ kan nìkan ni mo ní lórí ọgbọ́n Orton fún ojú ènìyàn: ó máa ń mú kí àwọ̀ kún jù, kí ibi tó ṣókùnkùn sì jinlẹ̀. Ó dára fún igbó àti omi. Fún ojú, ẹ dín Saturation kù lẹ́yìn rẹ̀.

Ó wá ku ojú. Ẹ kó àwọn layer ìmọ́lẹ̀ sínú group kan, ẹ fi mask kan sí group náà, ẹ mú brush dúdú tó rọ̀, Opacity 40%, Hardness òdo. Ẹ fi kun ẹyin ojú, irun ìpéǹpéjú, ìlà ètè àti ìsàlẹ̀ ihò imú. Ẹ má yí gbogbo àyíká ojú ká bí ẹni ń fa òbìírí, torí ihò méjì ló máa lu sínú kùrukùru, ẹni náà á sì dà bí ẹni tó fi awò bojú. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kùn ún, ẹ gbé Feather mask náà sí píksẹ́lì 10 sí 20.

Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn níbí kò gba àkókò: ẹ ṣe layer òfìfo, Screen, ẹ mú àwọ̀ láti ara ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, ẹ fi gradient olóbìírí tó fẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta fọ́tò tú u láti ẹ̀gbẹ́ yẹn nìkan, Opacity 10% sí 20%. Ó yẹ kó kọjá síwájú ejìká tàbí irun díẹ̀. Bí ẹ bá tú u láti ẹ̀gbẹ́ tí òjìji imú ń tọ́ka sí, gbogbo iṣẹ́ náà ti já ara rẹ̀ nírọ́.

Awọ dúdú

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Lórí awọ tó dúdú dáadáa, ibi tí ojú ti ní òjìji lè wà láàárín 25 sí 60 lórí òṣùwọ̀n 255. Bí ẹ bá gbé dúdú sókè sí 35 bí ọ̀pọ̀ preset, ìyẹn àtòsílẹ̀ tí wọ́n ti ṣe tán, ṣe máa ń ṣe, gbogbo ibi tó wà láàárín yẹn á fún pọ̀ sínú àyè tóóró. Ìyàtọ̀ tó ń fi egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti etí àgbọ̀n hàn á lọ, pupa àti àwọ̀ ilẹ̀ tó wà nínú awọ á lọ pẹ̀lú rẹ̀, eérú á wá dúró síbẹ̀.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe nìyí. Ẹ má gbé dúdú kọjá 12 sí 15, kí ẹ sì fi àmì kan de Curve mọ́lẹ̀ ní 40 sí 40, kí ohun tí ẹ ṣe nísàlẹ̀ má bàa gun òkè. Bí ẹ̀yìn fọ́tò bá nílò dúdú tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fún ẹ̀yìn nìkan, ẹ fi mask yọ ẹni náà kúrò. Ẹ fi Color Balance sórí awọ, lórí Shadows: Red +4, Yellow −6. Ó kéré lójú, àmọ́ òun ló ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sójú. Nínú HSL, ibi tí a ti ń yí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan padà, ẹ fi +5 sí +10 kún Saturation ti Orange, kí ẹ sì fi Luminance rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ń fa Luminance sókè kí ojú lè bá kùrukùru mu ti ń bó awọ ẹni ẹlẹ́ni.

Dídán awọ náà ń fẹ́ ìtọ́jú. Lórí awọ dúdú, ìmọ́lẹ̀ kéékèèké tó ń dán níwájú orí, lórí imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń sọ bí ojú ṣe rí. Bí layer ìmọ́lẹ̀ bá fọ́n wọn ká, ojú á rí bí èyí tí ooru mú, tàbí bí èyí tí ẹfun bá. Ẹ lo mask náà, brush 50%, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù lórí awọ, kí ẹ fi í sílẹ̀ lára irun, aṣọ àti ẹ̀yìn. Àti pé búlúù tí wọ́n máa ń fi sínú òjìji kò gbọdọ̀ kan awọ dúdú rárá, torí bó bá pàdé àwọ̀ ilẹ̀, eérú ni méjèèjì ń bí.

Ìtàn kan wà lẹ́yìn èyí tó yẹ kí a mọ̀. Káàdì tí Kodak ń fún àwọn ilé tó ń fọ fíìmù láti fi wọn àwọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní káàdì Shirley, obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Awọ tirẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Fún ìdí èyí, ọ̀pọ̀ fọ́tò àtijọ́ ni kò ṣe ẹ̀tọ́ fún awọ dúdú. A lè mú rírọ̀ wọn, a lè mú ìmọ́lẹ̀ wọn, kò sì sí ìdí kankan tó fi yẹ ká mú àbùkù yẹn mọ́ ọn.

Àwọ̀

Ẹ pinnu ìgbà tí ẹ ń fara wé. Fọ́tò tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà ní àwọn ọdún 1970 máa ń pọ́n torí pé àwọ̀ cyan inú wọn ti ṣí ṣáájú àwọn yòókù. Láti ṣe é, ẹ wọ Curves: Red, ẹ gbé 0 sí 8, Blue, ẹ gbé 0 sí 18, kí ẹ sọ 255 kalẹ̀ sí 232. Òjìji á gba búlúù díẹ̀, ibi tó mọ́lẹ̀ á sì gba àwọ̀ ìpara wàrà. Fún awọ dúdú, ẹ fi Blue sílẹ̀ nísàlẹ̀, òkè nìkan ni kí ẹ yí. Àwọ̀ ewé ni kí ẹ dín kù jù lọ: Hue −25 sí ọ̀nà ìyeyè, Saturation −30. Ewé tó tutù yọ̀yọ̀ ló ń tètè tú àṣírí kámẹ́rà òde òní. Bí ẹ bá ń lo Color Grading, Highlights Hue 45, Saturation 10 sí 15, ó tó.

Bó bá jẹ́ dúdú àti funfun ti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ẹ fẹ́, ẹ rántí pé àwo collodion, èyí tí wọ́n fi ń ya fọ́tò nígbà yẹn, kò rí pupa, búlúù ló ń rí. Pupa àti àwọ̀ ọsàn á ṣókùnkùn, òfuurufú á funfun. Nínú B&W Mix, Blue +30, Red −20, Orange −15. Àbàwọ́n ara máa ń yọ síta bẹ́ẹ̀, torí náà ẹ má kọjá nọ́ńbà wọ̀nyí láì wo ojú ẹni náà dáadáa.

Hóró fíìmù, àti ohun tó ń bàjẹ́ nígbẹ̀yìn

Ẹ kọ́kọ́ dín fọ́tò kù sí ìwọ̀n tí ẹ máa gbé jáde, kí ẹ tó fi hóró, ìyẹn àmì wínníwínní tó máa ń hàn nínú fíìmù, sí i. Hóró tí ẹ fi sórí píksẹ́lì 6000 á yọ́ dànù nígbà tí ẹ bá sọ ọ́ di 1080, ẹ ó sì máa ṣe kàyéfì pé níbo ló lọ. Ẹ ṣe layer tí ẹ fi 50% gray kún, Soft Light, Add Noise 8% sí 12%, Gaussian, Monochromatic, kí ẹ wá fún un ní blur 0.5 sí 0.8, torí hóró fíìmù kì í mú bí píksẹ́lì. Nínú Lightroom, Amount 25, Size 30, Roughness 50. Ẹ wò ó ní 100%, kì í ṣe ní àwòrán tó bá gbogbo ojú kọ̀ǹpútà mu.

Hóró kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Kùrukùru jẹ́ àwọ̀ tó ń yí padà díẹ̀díẹ̀ lórí àyè tó gbòòrò, ní 8 bit, ó máa ń fọ́ sí ìlà bí àtẹ̀gùn, pàápàá lára ògiri àti òfuurufú. Ṣíṣiṣẹ́ ní 16 bit máa ń dá a dúró nígbà tí ẹ bá ń ṣe é, hóró ló sì máa ń bò ó nígbà tí ẹ bá sọ ọ́ di JPEG. Bí ìlà bá ṣì wà, ẹ fi 2% kún noise lórí ẹ̀yìn nìkan. JPEG Quality kó má lọ sábẹ́ 90, torí bó bá kéré, hóró á di àpótí kéékèèké. sRGB, òṣùwọ̀n àwọ̀ tí ọ̀pọ̀ ojú kọ̀ǹpútà ń lò, ni kí ẹ fi gbé e jáde, kí Output Sharpening sì wà ní Low tàbí kí ẹ pa á, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á tún pọ́n ohun tí ẹ ti rọ̀.

Lórí fóònù, Snapseed lè ṣe púpọ̀ nínú èyí. Glamour Glow, ẹ fa Glow wálẹ̀ sí 20 tàbí 25, Saturation −10. Ẹ wọ View edits, ẹ tẹ ìgbésẹ̀ náà, ẹ mú brush rẹ̀, 100 fún irun àti ẹ̀yìn, 50 fún awọ, kí ẹ fi ẹyin ojú sílẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn náà ni Curves, bí a ṣe ṣàlàyé lókè, kó tó kan Grainy Film: Grain díẹ̀, Style Strength sí òdo kó má bàa yí àwọ̀ yín padà.

Bí ẹ bá máa tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ẹ mọ̀ pé bébà tí kò dán kì í ní dúdú tó jinlẹ̀ bíi ti ojú kọ̀ǹpútà. Ó ti gbé dúdú sókè fúnra rẹ̀. Dúdú tí ẹ fi sí 22 lórí kọ̀ǹpútà, ẹ sọ ọ́ di 10 fún irú bébà bẹ́ẹ̀. Lórí bébà dídán, ẹ lè fi í sí 18. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ibi ojú àti irun nìkan, kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ wò ó lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀sán, kí ẹ tó tẹ odindi.